Ilẹ̀kùn Tí Mo Tì Mọ́ Nọ́ọ̀sì ní Ìfọ̀

Mówè,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, ìyá rẹ kí ọ, gbogbo ilé kí ọ. Ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa? Ṣé o ń jẹun kó o tó gbé kúlà abẹ́rẹ́ àjẹsára kọ́ èjìká láàárọ̀, àbí o ṣì ń ṣe bí ìgbà tó o wà níléèwé, tó jẹ́ pé tíì nìkan lo fi ń jáde? Àwa níhìn-ín ń bẹ láàyè, a dúpẹ́ fún Ọlọ́run Ọba. Ràfíù ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀ ní Ìfọ̀. Gààrí àti ẹja gbígbẹ tó bá a wá, ti ìyá rẹ ni. Lẹ́tà yìí nìkan ni tèmi.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí bàbá rẹ kò pè ọ́ lórí fóònù. Mo pè ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́ lọ́sẹ̀ yìí, tí mo gbọ́ ohùn rẹ, tí mo sì kàn bi ọ́ bóyá òjò ti rọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, o mọ̀, nítorí náà bí o bá rí ibi tí mo ti ṣi àmì fi sí, bá mi fojú fò ó.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó mú inú mi dùn.

Èmi àti bíríkìlà kan jọ ń ṣiṣẹ́ lórí ilé tuntun kan ní Mágbọ̀rọ̀. Òun ló mọ ògiri rẹ̀, èmi ni mò ń kan òrùlé. Bàbá Ìbejì là ń pè é, Akútè, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀ lọ́dọ̀ yín, ló sì ń gbé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, a jókòó sábẹ́ òrùlé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, a ń jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà, ló bá ní, "Bàbá Ràfíù, mo rí nǹkan nínú ilé mi lóṣù tó kọjá."

Mo ní, "Kí lẹ rí?"

Ó ní, "Àwọn alábẹ́rẹ́ àjẹsára wá. Èmi kì í gbà fún wọn. Ọmọ mi àkọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́, ara rẹ̀ gbóná, gìrì sì mú un. Láti ọjọ́ náà ni mo ti búra. Bí wọ́n bá ti kanlẹ̀kùn, màá ní kò sọ́mọ nílé. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kékeré kan ló wá lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ìbejì sì ń ké nínú ilé. N kò lè ní kò sọ́mọ."

Mo rẹ́rìn-ín.

Ó ní ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ kí òun, ó ní oòrùn ti pa òun, kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun jókòó díẹ̀. Wọ́n fún un lómi. Nígbà tó mu ún tán, kò mẹ́nu kan abẹ́rẹ́ rárá. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi kọ̀ ọ́?"

"Bàbá Ràfíù, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Ṣe ni wọ́n máa ń bú mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo rò pé á ní irọ́ ni mò ń pa. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òótọ́ ni, ara ọmọ lè gbóná lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ara gbígbóná sì lè fa gìrì fún àwọn ọmọ kan, ibi yòówù kí ìgbóná náà ti wá. Ó ní òun kò ní fún àwọn ìbejì ní nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Kí n mú wọn wá sí hẹ́ẹ́tì sẹ́ntà, ilé ìwòsàn wọn, kí n sọ ti ẹ̀gbọ́n wọn fún ọ̀gá òun, kí ọ̀gá yẹ̀ wọ́n wò ná."

"Ó tán?"

"Kò tán. Ó ti fẹ́ jáde nígbà tó gbọ́ igbe ọmọ tuntun láti yàrá kejì. Ó bi mí pé ọmọ ta ni. Mo ní ọmọ ayálégbé bíi tiwa ni, kò tíì pé oṣù méjì. Ó ní, 'Èyí ṣì kéré sí abẹ́rẹ́ èéyi, sà. Bí èéyi bá wọ ilé yìí, kò ní ohun tó máa fi bá a jà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ yí i ká ni ògiri rẹ̀.' Ló bá gbé kúlà rẹ̀, ó lọ. Èmi bíríkìlà ló wá ń sọ̀rọ̀ ògiri fún!"

Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn òun fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ni òun gbé ọ̀kan, ìyá wọn gbé ìkejì, wọ́n lọ. Ara wọn gbóná díẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, wọ́n ti ń fa ara wọn nírun.

Mo bi í pé kí lorúkọ ọmọbìnrin náà.

"Nọ́ọ̀sì Mùnírátù ni wọ́n ń pè é, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ní òun kì í ṣe nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ ìlera lòun. Ẹni tó bí ọmọ yẹn mà bímọ o!"

Àjíkẹ́, bí mo ṣe gbọ́ Mùnírátù, orúkọ tí èmi fúnra mi sọ ọ́, mo dìde, mo lọ sẹ́yìn pákó bí ẹni tó ń wá ìṣó. Nígbà tí mo padà dé, mo ní, "Èmi ni mo bí i." Bàbá Ìbejì wò mí títí, ó ṣí fìlà lórí, ó ní, "Ẹ kú ọmọ o, bàbá." Láti ọjọ́ náà ni gbogbo sáìtì ti ń pè mí ní Bàbá Nọ́ọ̀sì. Mo ń sọ fún wọn pé òṣìṣẹ́ ìlera ni, wọn kò gbọ́. Èmi náà kò sì sọ ọ́ le.

Ọmọ mi, o ṣe mí lóge. N kò tíì kan òrùlé kan láyé mi tó wù mí wò tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ògiri yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn, nítorí ìgbà kan wà tó yẹ kí èmi náà jẹ́ ògiri fún ọmọ ọlọ́mọ, tí n kò jẹ́ ẹ. Ìfọ̀ tí wọ́n gbé ọ lọ yẹn, ibẹ̀ la bí ọ sí. A máa ń sọ fún ọ pé iṣẹ́ ló gbé wa wá sí Mówè. Kì í ṣe iṣẹ́.

Nígbà tí mo dé Ìfọ̀ láti Ìkirè, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìyọ̀ǹda lẹ́nu iṣẹ́ káfíńtà ni. Yàrá kan la háyà nínú ilé gígùn kan nítòsí ojú irin. Ilẹ̀kùn wa dojú kọ ti Ìyá Tóyìn. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, onígbàgbọ́, aránṣọ. Bí ìyá rẹ bá lọ pọnmi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ̀yin ọmọ máa ń wà. Nígbà tí Ràfíù ti ń rìn, tó ti ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gba abẹ́rẹ́ kan ní itan, ojú abẹ́rẹ́ náà wú, ó di eéwo, ó gbọyún. Nǹkan bí oṣù kan ni kò fi lè tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Èmi ni mo máa ń dì í mú nígbà tí wọ́n bá ń fọ ojú egbò, bó ṣe ń pariwo "Bàbá mi" sì ni ọkàn mi ń já. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Nígbà tí ìwọ wá pé oṣù mẹ́sàn-án, ìyá rẹ ní àkókò abẹ́rẹ́ èéyi tó. Mo ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ó bẹ̀ mí, ó tún bẹ̀ mí. Mo sọ fún un pé bó bá gbé ọ jáde lọ síbẹ̀, kó má gbé ọ padà wá bá mi. Àjíkẹ́, irú ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ìyá rẹ nìyẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nọ́ọ̀sì kan wá sílé. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó wo ìyẹ̀fun pákó lára mi, ó ní, "Ẹ̀yin ará oko yìí lẹ ń pa ọmọ yín." Ìbínú gbé mi. Mo ní, "Ọmọ mi ni, kì í ṣe ọmọ ìjọba. Bí iná bá jó ni, tó jó ọmọ ẹni, tara ẹni là ń kọ́kọ́ gbọ̀n." Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Ẹ̀rù Ràfíù ló kọ́kọ́ mú mi kọ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ìgbéraga ló ti ilẹ̀kùn.

O fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọdún méjì nígbà tí èéyi mú ọ, nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ojú rẹ pọ́n, o ń wúkọ́, ara rẹ sú láti orí dé ẹsẹ̀. Ìyá rẹ kò sùn fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, Ìyá Tóyìn gbà ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ìyá Ràfíù, ẹ lọ fẹ̀yìn lélẹ̀." Ó gbé ọ pọ̀n láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ní ọmọ ọwọ́ nígbà náà, Dámiláre, ọmọ oṣù márùn-ún. Orí ẹní kan náà ló máa ń tẹ́ ẹ̀yin méjèèjì sí.

Ara rẹ yá. A pa àkùkọ, a dúpẹ́. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí Dámiláre bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́.

Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Ní ọjọ́ kẹta, bàbá Tóyìn nìkan ló padà wá sílé, ó sì wá dúró sí ẹnu iṣẹ́ mi. Ó ní, "Bàbá Ràfíù, ẹ bá mi kan pósí kan. Kékeré." Ọmọ mi, èmi ni mo kan án. Gígùn rẹ̀ kò ju apá mi lọ. Mo fá pákó náà títí ó fi ń dán, nítorí n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Kò sẹ́ni tó fẹ̀sùn kàn mí. Nígbà tí mo lọ kí Ìyá Tóyìn, ohun tó bi mí ni pé, "Ṣé Àjíkẹ́ ti ń jẹun?" Ó sàn kó gbá mi létí. N kò lè máa ṣílẹ̀kùn kí n máa rí ilẹ̀kùn tirẹ̀ mọ́. Kí ọdún náà tó parí, mo ti kó yín wá sí Mówè.

N kò lè búra pé lára rẹ ló ti kó o. Èéyi wà ládùúgbò lásìkò náà. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀nà kan wà tí mo lè dí, tí n kò dí. Kó o tó ka ìlà mìíràn, gbọ́ èyí: ìwọ kò jẹ̀bi. Ọmọ ọdún méjì kì í jẹ̀bi. Ìyá rẹ kò jẹ̀bi. Èmi ni mo ni ẹ̀bi náà, mo sì ti gbé e ní èmi nìkan tó. Mo ń sọ ọ́ fún ọ nítorí pé ìlú náà lo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, n kò sì fẹ́ kó o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí mo ní, ojú ọgbẹ́ ló ti wá, gbà á bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kínní: má fi ẹ̀rù ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ọkùnrin kan bá ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọmọ kan ló ń sunkún létí rẹ̀ látijọ́, tí ìwọ kò gbọ́. Ohun tó o bi Bàbá Ìbejì yẹn, máa bi gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Bí nọ́ọ̀sì ọjọ́sí bá ti bi mí ní ìbéèrè kan péré, n kò mọ̀ bóyá ǹ bá gbà, ṣùgbọ́n ǹ bá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀.

Ẹ̀kejì: má purọ́ fún wọn, kódà bí irọ́ náà bá lè ṣe wọ́n lóore. Má sọ pé kò séwu kankan níbẹ̀. Sọ pé apá lè wú, ara lè gbóná, àti pé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sọ ohun tí èéyi náà ń ṣe. Gbé méjèèjì síwájú wọn kí wọ́n fojú ara wọn wò ó. Èmi, ìdajì ni mo wọ̀n. Mo wọn ẹsẹ̀ Ràfíù, n kò wọn èéyi rárá, nítorí pé ẹsẹ̀ Ràfíù ni ojú mi rí. Bó bá sì jẹ́ pé ọmọ náà ní ohun kan lára tí abẹ́rẹ́ kò fi bá a mu, tàbí tí àìsàn ṣì wà lára rẹ̀, má kánjú. Fi hàn ọ̀gá rẹ. Kíkọ̀ tí òbí kọ̀ nígbà mìíràn, ó nídìí.

Ẹ̀kẹta ni ti aládùúgbò. Òbí ló ni ìpinnu lórí ọmọ rẹ̀, n kò jiyàn, kò sì sí ẹni tó máa bá a gbé ọmọ náà bí ara rẹ̀ bá gbóná. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ló ń gbé inú ilé. Nígbà tí mo sọ pé "ọmọ mi ni," mo rò pé ọ̀rọ̀ parí. N kò mọ̀ pé mo ti pinnu fún Dámiláre náà, tí kò tíì lè jókòó. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dáa, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn. Èmi ni mò ń jẹ kòkòrò, ilé ẹlòmíràn ni wọn kò ti sùn. Máa sọ èyí fún wọn, Àjíkẹ́, àmọ́ má fi nà wọ́n bíi pàṣán. Sọ ọ́ bó o ṣe sọ ọ́ ní Akútè: nasẹ̀ jáde, nawọ́ sí yàrá kejì, kó o sì máa lọ.

Mo tún fẹ́ sọ pé má máa bá bàbá nìkan sọ̀rọ̀, má sì máa bá ìyá nìkan sọ ọ́. Ìyá rẹ mọ ohun tó tọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó tì í lẹ́yìn ni. Bó o bá rí obìnrin tí ojú rẹ̀ ń bẹ̀ ọ́ nígbà tí ẹnu ọkọ rẹ̀ ń lé ọ, má gba ẹ̀yìn ọkọ ṣe é, ìjà lo máa dá sílẹ̀. Padà wá nígbà tí àwọn méjèèjì bá wà níbẹ̀, jókòó.

Bí wọ́n bá kọ̀ síbẹ̀ ńkọ́? Kí wọn dáadáa, sọ ọjọ́ tí ẹ máa ń wà ní hẹ́ẹ́tì sẹ́ntà, máa lọ. Ẹni tó o bá bú kò ní lè padà wá láìjẹ́ pé ojú tì í, ojú títì sì wúwo fún ọkùnrin. Gbogbo àbúrò rẹ tí a bí ní Mówè ni mo gbé lọ gba abẹ́rẹ́ fúnra mi, ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn, ní Ìbàfò, ni mo ń gbé wọn lọ, torí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ mí rí mi lórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn obìnrin. O rí i bí bàbá rẹ ṣe gọ̀ tó.

Mi ò ka ìmọ̀ràn mọ́, mo ti gbàgbé iye tí mo kà dé. Ó ku ohun kan.

Lánàá, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìfọ̀. N kò wá sọ́dọ̀ rẹ, má bínú. Ilé gígùn yẹn ni mo lọ. Ìyá Tóyìn ṣì wà níbẹ̀. Orí rẹ̀ ti funfun, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó dá mi mọ̀ kí n tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá Ràfíù! Ẹ káàbọ̀."

N kò jókòó. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sórí sìmẹ́ǹtì. Ó ní, "Ha, ẹ dìde, ẹ dìde." Mo ní n kò ní dìde títí màá fi sọ ọ́ tán. Mo sọ ti nọ́ọ̀sì tí mo lé, mo sọ ti ìyá rẹ tí mo dí lọ́wọ́, mo ní, "Ìyá Tóyìn, ẹ dárí jì mí."

Ó ní, "Mo mọ̀ látijọ́. Ògiri ilé yìí kò nípọn, gbogbo bí ìyá Ràfíù ṣe ń bẹ̀ yín ni mo gbọ́. Mo bínú sí yín, Bàbá Ràfíù. Ó pẹ́ tí mo fi bínú. Nígbà tẹ́ ẹ kó lọ láìsọ̀rọ̀, mo bínú jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo ní, "Ẹ jàre."

"Ṣùgbọ́n n kò bínú sí ọmọ náà rí. Èmi ni mo gbé e pọ̀n. Bí wọ́n bá tún gbé e wá lónìí, màá tún gbé e pọ̀n." Ó fa òwú kúrò lára ẹ̀rọ. "Ó ti ń ṣe kí ni báyìí?"

Nígbà tí mo sọ fún un, ó dáwọ́ dúró. "Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé kúlà kọjá níbí? Tó máa ń kí mi?"

Mo ní ìwọ ni.

Ojú rẹ̀ kún fún omi, ó sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló fà mí lọ́wọ́ dìde. Ó ní Tóyìn ti bímọ obìnrin, ọmọ náà yóò pé oṣù mẹ́sàn-án lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní, "Ẹ sọ fún un kó má jẹ́ kí ẹlòmíràn gún un. Òun ni mo fẹ́."

Nítorí náà, Àjíkẹ́ mi, ọmọ tí mo fi ń yangàn ní Mágbọ̀rọ̀ àti ní Mówè, fọ ọwọ́ rẹ mọ́, kó o sì lọ. Ọlọ́run yóò fi ìtura sí ọwọ́ rẹ. Kúnlẹ̀ kí Ìyá Tóyìn dáadáa. Bó bá bú sẹ́kún, dúró tì í, má sọ nǹkan kan. Bó bá sì ní kó o jókòó jẹun, jẹ ẹ́ tán.

Èmi ni bàbá rẹ,
Káfíńtà Mówè.